Ẹ Fọ Júsà Yín Kí Ẹ Tó Mu Omi Èso

Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí à ń jẹ nílẹ̀ Yorùbá ni iná máa ń bá wa tún ṣe. Ata tí a lọ yóò dórí iná. Ògì tó kan yóò di ẹ̀kọ nínú omi híhó. Ẹ̀fọ́ tí a rà lọ́jà, a ó bọ̀ ọ́, a ó fún un, a ó sì dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Bí ìdọ̀tí bá kù sójú ọlọ tàbí sétí asẹ́, iná ni yóò parí iṣẹ́ tí ọwọ́ wa kò ṣe tán. Omi èso kò ní olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń bọ́ sínú ife, láti inú ife ló ti ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ lánàá, òun náà la óò mu lónìí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ara fífún èso ni fífọ júsà wà. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn oúnjẹ tí ènìyàn lè sún di alẹ́. Nílé mi, omi èso á ti wà nínú ife lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí júsà yóò fi mọ́. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kùn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ bí a bá tètè dá a lóhùn. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì, ìyà gidi ni.

Kí ni júsà gan-an? Bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sápá kan, asẹ́ ló kù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń sáré. Ó ní àwo irin pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀, eyín wẹ́wẹ́ kún ojú àwo náà bí ojú páànù tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Agbọ̀n asẹ́ onírin ló yí i ká. Bí èso bá ti já lé eyín yẹn lórí, yóò rún, yíyí tí ẹ̀rọ ń yí yóò sì fọ́n ọn mọ́ ara asẹ́: omi á gba ojú ihò jáde, eèrí á fò lọ sínú ike tó wà lẹ́yìn. Eèrí ni mo pè é, nítorí pé ohun tí eèrí jẹ́ fún ògì náà ló jẹ́ fún èso. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń yí láti nǹkan bí ìgbà 6,000 dé ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, òmíràn tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni onísùúrù. Ọ̀pá kan tó lọ́ bí ara ṣúkúrúù ló wà nínú rẹ̀, ó jọ irin tó ń ti ata lọ síwájú nínú ẹ̀rọ ìlọta. Jẹ́jẹ́ ló ń yí, bí ìgbà 40 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Kì í fi eyín rún èso, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ asẹ́ títí omi ara rẹ̀ yóò fi jáde. Èyí tó ń sáré kì í sábà wọ́n tó onísùúrù. Onísùúrù ló mọ ewé àti atalẹ̀ fún jù. Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá dí, àwọn méjèèjì kò wúlò.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Asẹ́ dí, omi kò rí ọ̀nà, ó bá eèrí lọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á fọwọ́ kan eèrí, á rí i pé ó tutù rinrin, á ní èso òde òní kò lómi nínú mọ́. Èso kọ́ ló ṣẹ̀. Nínú èyí tó ń sáré, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí bí eèrí bá gan mọ́ apá kan agbọ̀n, apá yẹn á wúwo ju ìyókù lọ. Ohun tí kò dọ́gba, tó sì ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n. Yóò máa rìn lórí tábìlì, yóò sì máa jẹ bẹ́ríǹ inú ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí ariwo rẹ̀ yóò fi yí padà.

Èmi fúnra mi ti gbé júsà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìbàdàn rí. Kò dún mọ́ rárá, ọkàn mi sì ti gbà pé ẹ́ńjìnnì ló jóná. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ tú u. Ó wo ihò tóóró tí ẹsẹ̀ ọmọrí máa ń kì bọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ yọ eèrí kárọ́ọ̀tì tó ti gan bí òkúta jáde níbẹ̀, ó dé ọmọrí, ó tàn án, júsà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Mọ̀mí," ó ní, "ẹ máa fọ ibí yìí." Nínú ihò yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rọ wà. Bí ọmọrí kò bá bọ́ sójú ihò rẹ̀ tó sì dún kẹ̀, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ọwọ́ ọmọdé má bàa kan àwo tó ń yí. Eèrí tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé júsà òun kú, ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ ń bi í léèrè.

Kí ló wá dé tí ìṣẹ́jú márùn-ún fi yàtọ̀ sí wákàtí méjì? Ṣúgà inú èso máa ń lẹ̀ bó bá ń gbẹ. Nǹkan kan tún wà nínú ẹran èso tí wọ́n ń pè ní pectin, òun ló ń mú kí jáàmù dì. Bí omi bá ti gbẹ kúrò lára rẹ̀, ó di gọ́ọ̀mù. Fọ́nrán èso á há sínú ihò asẹ́, gọ́ọ̀mù yìí á sì so ó mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, omi lásán lè gbé e lọ. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti ìka ọwọ́ nìkan ló kù, ìka ọwọ́ lójú eyín irin sì léwu.

Nítorí náà, bí èso bá tán, n kì í tíì pa ẹ̀rọ. Mo máa ń da ife omi tútù kan sí i lẹ́nu nígbà tó ṣì ń yí. Omi yẹn á lé omi èso tó kù jáde, á sì fọ ara asẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo pa á, tí mo yọ ọ́ kúrò lára iná. Kí ẹ má fi yíyọ yìí ṣeré. Ẹni tó bá rò pé iná ti lọ, tó sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, kò mọ ìgbà tí iná yóò dé. Mo tú ẹ̀rọ palẹ̀, asẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé sínú abọ́ omi, ìyókù lè dúró.

Kànìnkànìn kò lè fọ asẹ́ yìí. Fọ́nrán rẹ̀ nípọn ju ihò lọ, ńṣe ni yóò máa tẹ eèrí wọlé. Kànìnkànìn onírin tún burú jù ú lọ, ó ń ha irin, ojú tó bá ha ni ìdọ̀tí yóò fi ṣe ibùgbé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú páálí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ rà á, òun gan-an ni irinṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti sọnù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó le díẹ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn asẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí búrọ́ọ̀ṣì máa ti eèrí padà sí ibi tó ti wá. Àwọn ìyá tó ń sẹ́ ògì mọ èyí dáadáa: wọn kì í fọ aṣọ asẹ́ láti inú nìkan, wọ́n ń yí i po, wọ́n ń da omi gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé asẹ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kí omi máa bá búrọ́ọ̀ṣì lọ, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Bó bá dà bíi pé ó ti mọ́, ẹ gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Gbogbo ihò ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ibi tó bá ṣú, eèrí ló wà níbẹ̀, kódà bí ọwọ́ kò bá mọ̀ ọ́n lára. N kò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó dára tó èyí.

Omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á ní ohun tí omi tútù kò bá gbé, omi gbígbóná á gbé e. Bó bá jẹ́ òfio lẹ fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Sítáàṣì wà nínú òfio. Ẹ rántí ohun tí omi híhó ń ṣe fún ògì: lójú ẹsẹ̀ ló ń dì, ó di ẹ̀kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò dì nínú ihò asẹ́ yín. Ti sóyà yàtọ̀ díẹ̀, purotéènì inú rẹ̀ ni ooru ń mú dì, bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ojú bá rí i pé kò sí eèrí mọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ lè wá tẹ̀lé e láti mú ohun tó ń yọ̀ kúrò. Omi híhó kò yẹ àwọn ike ara júsà rárá. Ó lè mú kí ọmọrí lọ́, ọmọrí tó bá lọ́ kò sì ní bọ́ sójú ihò ẹ̀ṣọ́ yẹn mọ́.

Kárọ́ọ̀tì àti bíìtì ló ń kun ike jù, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Àwọ̀ kárọ́ọ̀tì, òróró ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, omi kò rí i mú. Irú rẹ̀ ló wà nínú epo pupa, ẹni tó bá sì ti gbé ọbẹ̀ epo sínú ike funfun rí ti mọ bí ọṣẹ ṣe ń bá a jà tó. Ẹ fi òróró ìdáná díẹ̀ ra ojú ibẹ̀, ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èyí tó bá kù lára rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á mú un ṣá. Ti bíìtì rọrùn: omi ló ń bá lọ, omi tútù lójú ẹsẹ̀ ti tó o.

Àwọn èso kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ṣe tọ́jú wọn kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ ló ń pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ bó èèpo ọsàn dànù pátápátá. Yàtọ̀ sí pé ó ń korò, òróró tó ń tú sí wa lójú bí a bá ń bó ọsàn lè jẹ irú àwọn ike kan títí wọn yóò fi máa sán wẹ́wẹ́. Atalẹ̀ ní fọ́nrán gígùn. Ẹ gé e ní ìbú, kó fẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́nrán rẹ̀ á wé mọ́ ọ̀pá onísùúrù bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Àárín ọ̀pẹ òyìnbó tó le náà ní fọ́nrán bẹ́ẹ̀, ẹ gé e kéékèèké. Kóró máńgòrò àti ti àgbálùmọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ. Àgbálùmọ̀ tún ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ètè, ó sì ń lẹ̀ mọ́ irin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró díẹ̀ lójú asẹ́ ló ń tú u, ọṣẹ á wá kó òróró lọ. Èrò tèmi ni pé kí a máa jẹ àgbálùmọ̀, kí a fi júsà sílẹ̀ fún ohun tó yẹ ẹ́.

Bó ti wù kí ènìyàn máa fọ asẹ́ tó, ìgbà kan ń bọ̀ tí ojú rẹ̀ yóò ṣú. Omi kànga ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò nílé ní ẹfun nínú, ẹfun yìí ló ń fi funfun rẹ̀ sílẹ̀ sí ìdí kẹ́tùrù, asẹ́ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pò fínígà mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, ẹ rẹ asẹ́ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe é bí fínígà kò bá sí. Ẹni tó ń fún èso lójoojúmọ́ lè máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ asẹ́ sínú bílíìṣì: irin tí kì í dípẹtà pàápàá, bílíìṣì ń jẹ ihò sí i lára. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí bílíìṣì àti fínígà pàdé nínú abọ́ kan náà láé. Gáàsì kílórínì ló ń tinú rẹ̀ jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ibi tí wọ́n ń gbàgbé jù ni rọ́bà. Òrùka rọ́bà kan wà lábẹ́ abọ́ tí omi èso ń dà sí, pàápàá nínú onísùúrù, òmíràn sì wà ní ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹ fi ṣíbí tí kò mú yọ wọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo yọ tèmi, ohun dúdú tó ń yọ̀ ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹmu ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn yẹn ni kantíkantí ń tẹ̀lé wọlé. Ẹ̀rọ tí mo rò pé mò ń fọ̀ dáadáa ni, mo sì ti ń fún ọmọ mu nínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ máa yọ rọ́bà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ ẹ̀rọ, kí ẹ nù ún kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta júsà, mo bẹ̀ yín, ẹ máa ta rọ́bà àti asẹ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Kò yẹ kí ènìyàn ju odidi ẹ̀rọ nù nítorí òrùka tí kò tó ọwọ́ mú.

Bí ó bá dà bíi pé mò ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Odwalla ń ta omi ápù tí iná kò kàn, nítorí àwọn oníbàárà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn E. coli O157:H7 wọ inú rẹ̀. Ó lé ní 60 ènìyàn tó ṣàìsàn ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, ọmọdé kan sì kú. Ní ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé àwọn tó ń ṣe omi èso fún títà ní ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi iná tàbí ọ̀nà mìíràn pa kòkòrò inú rẹ̀, débi pé nínú 100,000 kò ní ṣẹ́ ku ju ẹyọ kan lọ. Júsà ilé wa kò sí lábẹ́ òfin kankan. Bí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí oúnjẹ wà bá tẹ́ E. coli lọ́rùn, ogún ìṣẹ́jú péré ló fi ń di ìlọ́po méjì. Ẹ fọ èso kí ẹ tó gé e, títí kan èyí tí ẹ óò bó, nítorí ọ̀bẹ tó kọjá lára èèpo náà ló ń wọ inú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ má sì jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ. Omi kárọ́ọ̀tì àti ti òfio kò ní kíkan tó ń dá kòkòrò dúró bí ti ọsàn. Lọ́jọ́ tí mo bá fún wọn náà ni mò ń mu wọ́n tán.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ ìdí rẹ̀, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ yí i po, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i nídìí. Bí ẹ bá rí KB, tí nọ́ńbà sì tẹ̀lé e, iye ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì lè fi ṣiṣẹ́ láìsinmi ni. Láti èdè Jámánì ni lẹ́tà méjì yẹn ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹ̀rọ oníṣẹ́jú kan fún èso ìnáwó fún odidi wákàtí, a sì ń sọ pé ayédèrú ni nígbà tó bá jóná. Iná tó wálẹ̀ gan-an náà ń pa á. Iná ilé yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì. Bí gílóòbù bá ti ń pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró. Bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ tàn, ẹ pa fíríìjì ná kí ẹ tó tan júsà. Nínú èyí tó ń sáré, bí ẹ bá ń gbóòórùn jíjó, tí ẹ sì ń rí iná tó ń ta pàrà láti ojú ihò ẹ́ńjìnnì, kábọ̀ọ̀nù ló sábà máa ń jẹ́ pé ó ti jẹ tán. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, bí ẹ bá tètè gbé e lọ.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́, ẹ má dé e padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ tò ó sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní júsà nílé, ẹ yọ asẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ gbé e sí ojú fèrèsé, kí ẹ sì yọ rọ́bà tó wà nídìí abọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí èmi rí lábẹ́ tèmi, ẹ má fún ọmọ kankan mu nínú rẹ̀ títí ẹ óò fi fọ̀ ọ́.